Ẹni Tí Wọ́n Fi Sí Pátákó Kìíní

Onígbàjámọ̀ kan wà tí kò lè rí orí tó wọ́ kó má tún un ṣe. Bí ẹ bá jókòó sórí àga rẹ̀, kó tó fi ẹ̀rọ kan irun yín rárá, ó ti fi ìka méjì gbá àgbọ̀n yín mú, ó ti yí ojú yín sọ́tùn-ún, ó ti dá a padà díẹ̀ sósì, títí orí yóò fi dúró bó ṣe fẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe é. Ó ń ṣe é fún oníbàárà, ó ń ṣe é fún àwòrán tó bá wọ́ lára ògiri, ìyàwó rẹ̀ sì ní ó ń ṣe é fún òun náà lójú oorun. Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Atúnríṣe.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga méjì tó ń yí, dígí gbọọrọ kan tó ti ń ṣú létí, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró kó kàn wọ́n, àti ìgbálẹ̀ tí kò sinmi rí. Níbi tí àwọn onígbàjámọ̀ yòókù ti ń lẹ fọ́tò irun oríṣiríṣi mọ́ ògiri, bébà fífẹ̀ kan ni tirẹ̀ tó lẹ̀ síbẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó sì fi bírò pupa àti dúdú kọ ọ́. Àtẹ líìgì ṣẹ́ẹ̀sì ni, ìpele kejì. Ẹni tó bá wá gẹrun ní ọjọ́ Ajé kò ní lọ láìgbọ́ bí ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ ṣe tò tẹ̀léra, yálà ó mọ ṣẹ́ẹ̀sì tàbí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Ẹ̀hẹ́n, ẹ̀hẹ́n," nítorí ẹni tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀ kì í jiyàn.

Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó mọ̀ pé irú ayò bẹ́ẹ̀ wà. Atukọ̀ ojú omi kan ló wá gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbàgbé àpótí kékeré kan sórí bẹ́ǹṣì, kò sì padà wá mọ́. Odidi ọdún kan ni onígbàjámọ̀ fi bá a pa àpótí náà mọ́. Nígbà tó wá ṣí i, tó rí ọba, ayaba, ẹṣin àti àwọn ọmọ ogun wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, ó bẹ tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ pé kó kọ́ òun. Àgbà òpè ni, kò sì tijú rẹ̀. Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ewé tiwa yìí pẹ́ díẹ̀ jù, ọdún márùn-ún ló fi ń pàdánù kó tó na ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, kò sí oníbàárà tó lè dá a dúró, kódà kó jẹ́ ọkọ ìyàwó tí wọ́n ń dúró dè.

Ẹgbẹ́ Abẹ́ Àtẹ̀gùn ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta ayò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, tábìlì mẹ́rin, àga mẹ́jọ, gílóòbù kan, àti ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń gòkè tó ń sọ̀ lókè orí wọn. Mẹ́rin ni wọ́n ń ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù á jókòó sí pátákó kìíní, á dojú kọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ́dọ̀ àwọn alátakò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe tò ó dé pátákó kẹrin. Ẹni tó bá borí á mú ẹyọ kan wálé, ẹni tó bá ta ọ̀mì á mú àbọ̀; ẹgbẹ́ tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù á gba póìntì méjì lórí àtẹ, bí wọ́n bá sì dọ́gba, wọ́n á gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apoògùn kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló wà ní pátákó kìíní. Ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ balógun wọn, wà ní ìkejì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà ní ìkẹta. Pátákó kẹrin ti jẹ́ ti Atúnríṣe láti ọdún méjìlá. Kò sẹ́ni tó bá a du àga yẹn rí.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, nígbà tí líìgì dé ìdajì, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ta ìdíje méje nínú mẹ́rìnlá, àtẹ tó wà lára ògiri kò dùn ún wò. Àwọn Olùkọ́ ló wà lókè téńté pẹ̀lú póìntì méjìlá. Ilé Ìfìwéránṣẹ́ ní mọ́kànlá, Rélùwéè ní mẹ́sàn-án, àwọn Nọ́ọ̀sì ní mẹ́jọ, Panápaná ní mẹ́fà, Bíríkìlà ní márùn-ún. Ẹ wá tún sọ̀kalẹ̀ sí i, Abẹ́ Àtẹ̀gùn ní mẹ́ta. Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú méjì, àwọn yẹn kì í sì í sábà jí lásìkò. Ẹgbẹ́ méjì tó bá gbẹ̀yìn á já sí ìpele kẹta. Ká ní jíjá nìkan ni, wọn ì bá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọ̀gá ilé ìkàwé ti ń wá ibi tó máa kó àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ sí, ó sì ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé bí ẹgbẹ́ náà bá kúrò ní ìpele kejì, òun á gba yàrá òun. Ẹgbẹ́ Abẹ́ Àtẹ̀gùn tí kò sí lábẹ́ àtẹ̀gùn mọ́, kí la fẹ́ máa pe ìyẹn?

Ohun tó ń jẹ Atúnríṣe lọ́kàn ni pé òun mọ ibi tí póìntì méjì sọnù sí. Lọ́sẹ̀ kẹrin, wọ́n ń bá Panápaná ta. Ìyá agbẹ̀bí ti borí, apoògùn ti ta ọ̀mì, awakọ̀ ti pàdánù. Atúnríṣe nìkan ló kù, ó sì ti há ọba alátakò rẹ̀ mọ́ igun. Ẹṣin rẹ̀ kan wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó fi ìka méjì gbá orí ẹṣin náà mú, ó yí ojú rẹ̀ síwájú, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Òfin ayò náà sì ni pé ọmọ ayò tó o bá fọwọ́ kàn, òun lo gbọ́dọ̀ gbé, àfi tó o bá kọ́kọ́ sọ pé ò ń tò ó ni. Kò sọ nǹkan kan. Panápaná tó jókòó níwájú rẹ̀ ò pariwo, ó kàn na ìka sí ẹṣin náà, ó sì dúró. Ẹṣin yẹn gan-an ló ń ṣọ́ ayaba. Nígbà tí ẹṣin kúrò, ayaba lọ. Nígbà tí ayaba lọ, gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá agbẹ̀bí ò bá a wí. Ó kàn pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kó máa jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà láàárín ìdajì kìíní àti ìdajì kejì. Ìgbà kan ṣoṣo yìí ni òfin gba ẹgbẹ́ láyè láti tún orúkọ tò: orúkọ mẹ́rin, kí wọ́n tẹ̀léra bí balógun bá ṣe fẹ́, kí ìwé sì dé ọwọ́ akọ̀wé líìgì kí Furaidé tó gbẹ̀yìn ìsinmi tó parí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Atúnríṣe jókòó sórí àga oníbàárà, ó ti ṣí àtẹ kúrò lára ògiri, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí itan, ó ń ṣírò lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá borí Bíríkìlà àti Akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì gba póìntì wọn padà lọ́wọ́ Panápaná, ó lè ṣeé ṣe. Ó tún un ṣírò lọ́nà mìíràn. Ibi yòówù kó gbà, ibì kan náà ló ń já sí: nínú ayò méje, ẹyọ kan àbọ̀ péré ni pátákó kẹrin mú wálé. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ tiwa yìí kúkú mọ̀ pé èkù òun ti ń jẹrà.

Ó sì mọ ẹni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀, ìyẹn ló ń dùn ún tó tún ń dùn mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tún fóònù ṣe nínú ìsọ̀ kékeré kan tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàbá ti ń fi iṣẹ́ kẹ́wọ́ kó má baà bá a ta. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè nà án ní gbogbo àdúgbò. Gbogbo ìgbà tí ìyá agbẹ̀bí bá pè é wá sínú ẹgbẹ́, èsì kan náà ló máa ń fún un: òun ò lè lé bàbá òun dìde kí òun wá jókòó.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Atúnríṣe ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó gba ilé ìyá agbẹ̀bí lọ. Ó bá a níbi tó ti ń bomi rin òdòdó inú ìkòkò. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ìyá náà fi gbẹ̀bí, ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ Atúnríṣe gan-an wá sáyé, kì í sì í fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Màmá, ẹ yọ orúkọ mi," ni Atúnríṣe wí. "Ẹ fi ọmọ mi sí i. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní kó jókòó, á jókòó."

Ó ti rò pé ìyá náà á kọ́kọ́ bẹ òun díẹ̀ kó tó gbà. Ìyá náà ò bẹ̀ ẹ́. Ó gbé agolo omi kalẹ̀, ó ní awakọ̀ ti wá bá òun lánàá pé wọ́n ti gbé e sí ẹnu iṣẹ́ ní Sátidé títí ọdún á fi parí. Nítorí náà, ọmọ náà gbọ́dọ̀ wá ta, bó fẹ́ bó kọ̀.

"Ìwọ náà á ta," ó ní. "Pátákó kìíní."

Atúnríṣe rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó fà á jókòó, ó là á yé e. Apoògùn mọ̀ ọ́n ta, àmọ́ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń pàdé ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ lódìkejì, díẹ̀ báyìí ló sì fi ń pàdánù. Bó bá sọ̀kalẹ̀ sí pátákó kejì, á na ẹni tó bá bá níbẹ̀. Òun agbẹ̀bí á sọ̀kalẹ̀ sí ìkẹta, ọmọ á wà ní ìkẹrin. Ẹni mẹ́ta á ti rí ẹni tí agbára wọn ká. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n máa jù sí ẹkùn.

"Ẹ fẹ́ fi mí ṣe ìjẹ," ni Atúnríṣe wí.

"Ìjẹ ni," ìyá náà dáhùn. "Àmọ́ ìjẹ tó bá tètè já bọ́ kò wúlò fún apẹja. Mo fẹ́ kó o pẹ́ lẹ́nu wọn."

Ká má parọ́, inú bí i gan-an. Ó rìn délé, kò rí ẹni tó ń kí i lójú ọ̀nà. Ká yọ èèyàn, ìyẹn yé èèyàn. Ẹni tí kò bá wúlò, kó kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ọ sókè kí gbogbo ayé lè rí ibi tí wọ́n ti ń nà ọ́, ọ̀sẹ̀ méje gbáko, lójú ọmọ tó o bí, irú oyè wo nìyẹn?

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, kò sí irú ẹkún tí kò gbọ́ rí. Ó ń ká aṣọ lọ, ó jẹ́ kó rojọ́ tán. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ìjẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí olówó orí òun má bínú. Lẹ́yìn náà ló wá bi í bóyá ó rántí ọjọ́ tí òun bí àkọ́bí wọn.

"Láti òwúrọ̀ dalẹ́ lẹ fi dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn," ó ní. "Ẹ ò bímọ, ẹ ò gbẹ̀bí, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá wo ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ yín ni mò ń rí lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ká ní ẹ lọ ni, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá lè ṣe é."

Atúnríṣe jókòó tì í, ó bá a ká aṣọ tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ré títì kọjá lọ sí ìsọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó bá a tó tẹrí ba lórí fóònù kan tí wọ́n ti tú inú rẹ̀ síta. Ó sọ ti awakọ̀ fún un, ó sọ ti orúkọ mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akọ̀wé ní Furaidé. Ọmọ náà bi í léèrè ibi tí òun máa jókòó sí.

"Sórí àga mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé mi ga," ni bàbá wí, ó sì gbójú kúrò.

Ọmọ náà mọ ayò yẹn ju kó má mọ ohun tí ìyá agbẹ̀bí ń ṣe lọ. Ó gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á wá.

Bíríkìlà ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ẹni tó bá mọ àtẹ á mọ̀ pé Sátidé yẹn kì í ṣe Sátidé lásán. Bí Abẹ́ Àtẹ̀gùn bá borí, àwọn àti Bíríkìlà á jọ wà ní póìntì márùn-ún. Bí wọ́n bá pàdánù, póìntì mẹ́rin ló máa wà láàárín wọn, kí ọ̀gá ilé ìkàwé yáa máa kó ìwé ìròyìn rẹ̀ bọ̀.

Ọ̀gá àwọn bíríkìlà ló wà ní pátákó kìíní tiwọn, ọkùnrin gìrìwò kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi búlọ́ọ̀kù. Ayò méje ló ti ta lọ́dún náà, méjèèje ló sì borí. Nígbà tó rí onígbàjámọ̀ níwájú rẹ̀, ó na ọrùn wá apoògùn kiri. Ó rí i ní tábìlì kejì, gbogbo rẹ̀ sì yé e lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Atúnríṣe kú ìfaradà.

Kíákíá ló ń ta á, bí ẹni tí iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè. Atúnríṣe jókòó lé ọwọ́ rẹ̀, ó ń ronú. Kò wá bó ṣe máa borí. Láti ọjọ́ tó ti ń ta ayò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn ló ń tì: èyí tó bá ṣí, á tì í; ibi tí ẹṣin ọ̀gá bá ti ń yọjú, á fi ọmọ ogun kan dí i. Bí wọ́n ṣe ń gẹrun náà kúkú ni, kó o má kánjú, kó o má sì fi ibì kan sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn láìparí rẹ̀. Nígbà tó fi di wákàtí kejì, ọ̀gá bíríkìlà ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di wákàtí kẹta, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn tábìlì yòókù, Atúnríṣe ò gbójú wò ó. Apoògùn borí láìpẹ́ rárá, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ìyá agbẹ̀bí ta ọ̀mì. Ọmọ rẹ̀ bọ́ sínú wàhálà díẹ̀, ó yọ, ó sì há ọba alátakò mọ́ inú ilé ara rẹ̀. Ó dìde, ó wá dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, òfin ò gbà á láyè, àmọ́ bàbá mọ̀ pé òun ni. Ojú kọ́kọ́ tì í, nítorí kò sí àṣìṣe kan tó máa ṣe tí ọmọ yìí ò ní rí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn pé ó dúró síbẹ̀. Kò fẹ́ kó kúrò mọ́.

Ó rẹ̀ ẹ́ níkẹyìn. Ó gbé ọmọ ogun kan tí kò yẹ kó gbé, ilẹ̀kùn kan ṣí, ọ̀gá bíríkìlà sì gba ibẹ̀ wọlé. Kò tún ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ lẹ́yìn ìyẹn. Atúnríṣe na ọwọ́, ó gbà pé òun pàdánù. Wákàtí mẹ́rin ku díẹ̀ ni wọ́n ti wà lórí ìjókòó. Nígbà náà ló tó gbójú sókè, tó rí ìyá agbẹ̀bí níbi tó ti ń kọ èsì sínú ìwé: méjì àbọ̀ fún Abẹ́ Àtẹ̀gùn, ẹyọ kan àbọ̀ fún Bíríkìlà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò lè pa á mọ́ra.

"Èmi ni mo nà yín," ni ọ̀gá bíríkìlà wí. "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ nà mí, a nà yín," ni Atúnríṣe dá a lóhùn.

Ọ̀gá náà fẹ́ bínú, àmọ́ ó ti rẹ òun náà jù. Ìyá agbẹ̀bí wá bọ Atúnríṣe lọ́wọ́. Ó ní márùn-ún sí márùn-ún ni àwọn àti Bíríkìlà wà báyìí, ìdíje mẹ́fà sì ṣì wà nílẹ̀. Ó ní àwọn Olùkọ́ ni Sátidé tó ń bọ̀, ẹni tó wà ní pátákó kìíní wọn kò tíì pàdánù láti ọdún méjì. Atúnríṣe ní kí wọ́n bá òun kí i.

Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti mú bébà tí bàbá ń kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sí, ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Atúnríṣe ti múra sílẹ̀ de ẹ̀sín. Ó béèrè ibi tí ayò náà ti bàjẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti mọ èsì: ìgbésẹ̀ kẹwàá, tàbí ìkejìlá, níbi tó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ látọjọ́ yìí.

"Ìgbésẹ̀ kejìlélógójì," ni ọmọ náà wí.

"Ṣáájú ìyẹn ńkọ́?"

Ọmọ náà wo ọ̀gá bíríkìlà. Ọ̀gá bíríkìlà ń wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣáájú ìyẹn, ẹ̀ ń bá a dọ́gba, bàbá mi."

Atúnríṣe ti dìde. Ó jókòó padà, ó fa àga kejì sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní kó bá òun to ayò náà padà láti ìbẹ̀rẹ̀.